Fóònù Kékeré Lójú Ọ̀nà Àjò: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Èkó Ṣe Kó Tó Jáde Nílé

Bí ẹ bá ń kúrò ní Èkó fún ọjọ́ díẹ̀, tí ẹ sì ti pinnu pé fóònù ńlá ò ní bá yín lọ, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Fóònù tí mò ń wí ni èyí tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀: Nokia 3310 tó jáde lọ́dún 2000, Nokia 1100 onítọ́ọ̀ṣì tó dé lọ́dún 2003, àti àwọn palasa ìsinsìnyí tó kún orí àtẹ ní Kọ̀ǹpútà Fílèèjì, n'Íkejà. Mi ò ní bi yín ní ìdí. Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́nu fèrèsé dánfó rí, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú un l'Óṣòdì nírọ̀lẹ́, kò nílò àlàyé.

Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn. Fóònù ńlá máa ń bo àìmúrasílẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀nà, máàpù wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé nọ́ńbà, ẹ ó rí i fà yọ níbìkan. Fóònù kékeré kò mọ ohunkóhun ju ohun tí ẹ bá kọ́ ọ lọ. Nítorí náà, ilé ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí wà, ẹ sì máa nílò bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò.

Síìmù ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú

Síìmù inú fóònù ìgbàlódé kéré gan-an, àyè síìmù inú Nokia àtijọ́ sì fẹ̀ jù ú lọ. Férémù oníke ni wọ́n máa ń fi gbé e dúró. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Yàbá àti n'Íkejà ní in. Ẹ rí i pé síìmù há sínú férémù náà dáadáa, kó má máa yẹ̀, nítorí irin tó di síìmù mú lẹ́yìn fóònù lè kọ́ ọ nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tan fóònù, ẹ pe ẹnì kan, kí ẹnì kan náà pè yín padà. Àwọn fóònù àtijọ́ kan wà tí kì í gba síìmù tuntun. Ilé ló dáa kí ẹ ti mọ̀, kì í ṣe gáréèjì Jíbówú nígbà tí mọ́tò bá ti kún.

Bó bá jẹ́ síìmù tó ti ń sùn nínú àpótí láti ìgbà pípẹ́ lẹ fẹ́ gbé jáde, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Oṣù mẹ́fà láìlò ti tó fún iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ti láìnì pa. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún gorí rẹ̀, nọ́ńbà náà lè di ti ẹlòmíì. Ẹ tẹ *996# láti mọ̀ bóyá NIN yín ti so mọ́ ọn.

Wàyí o, ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò: ẹ fi PIN sórí síìmù fúnra rẹ̀. Lórí 3310, ẹ wọ Menu, ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Security settings, ẹ yan PIN code request, kí ẹ sì tan án. Láti ìgbà náà lọ, ìgbàkígbà tí wọ́n bá tan fóònù, yóò béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí ni pé olè tó bá jí Nokia kò fẹ́ Nokia. Ta ni yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀? Síìmù ló ń wá. Yóò yọ ọ́, yóò fi sínú fóònù tirẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kóòdù àwọn báńkì lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí ọ̀kan yóò fi dáhùn. Àwọn mìíràn máa ń rò pé kóòdù tí àwọn fi ti fóònù pa ti tó. Kò tó o. Kóòdù yẹn, tó jẹ́ 12345 lórí Nokia tí ẹnikẹ́ni kò tíì yí i padà, fóònù nìkan ló ń ṣọ́. PIN síìmù máa ń bá síìmù lọ síbi yòówù tó bá lọ.

Ẹ má méfò PIN yìí rárá. Èyí tó bá síìmù wá wà lára páálí rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ yí i padà sí tiyín. Bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, fóònù yóò béèrè PUK, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí síìmù tó ti tì pa. Bí ẹ bá tún ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, síìmù náà ti kú nìyẹn, ó di pé kí ẹ lọ tún láìnì gbà. Ẹ kọ PUK sínú ìwé, kí ẹ fi ìwé náà sílé lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè pè. Ẹ béèrè kóòdù tí báńkì yín fi ń ti àkántì pa láti orí fóònù ẹlòmíì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan náà, kí ẹ tún mú àdàkọ rẹ̀ dání.

Láìnì wo ni kí ẹ mú lọ? Bí ẹ bá ní méjì, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí láìnì báńkì jókòó sílé, kí ẹ mú èkejì. Owó ọwọ́ àti káàdì ATM yóò gbé yín débi tí ẹ ń lọ. Bí ìṣòwò yín kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ mú un dání, ṣùgbọ́n PIN di dandan nìyẹn. Ẹ sì rántí pé kóòdù tí WhatsApp fi ń dá èèyàn mọ̀, bí àtẹ̀jíṣẹ́ ló ṣe máa ń wọlé sórí láìnì yín. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín lójú ọ̀nà pé nọ́ńbà kan ṣèèṣì wọ orí fóònù yín, kí ẹ kà á fún òun, ẹ gbé fóònù sílẹ̀.

Fún ẹni tó fi láìnì kan sílé: kí ẹ tó pa fóònù ńlá, ẹ darí ìpè rẹ̀ sórí kékeré. Lórí fóònù ńlá, ẹ tẹ **21*, ẹ tẹ nọ́ńbà fóònù kékeré, ẹ fi # parí rẹ̀, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì ìpè. Ẹni tó bá pe nọ́ńbà tí gbogbo ayé mọ̀ yín mọ́, fóònù kékeré ni yóò máa dún. Láìnì tó ń darí ìpè náà ló ń sanwó rẹ̀, nítorí náà ẹ fi kírẹ́díìtì sí i. Àtẹ̀jíṣẹ́ kì í bá ìpè lọ. Orí láìnì ilé ló máa dúró sí.

Nọ́ńbà àwọn èèyàn

Orí síìmù nìkan ni 3310 ń kó nọ́ńbà sí, síìmù sì lè gba bí 250. Ẹ kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mú àwọn tí ẹ lè nílò lójú ọ̀nà: ará ilé, ẹni tó ń retí yín, aládùúgbò tó mú kọ́kọ́rọ́ ilé, dókítà, ibi iṣẹ́, àti awakọ̀ bí ẹ bá ní ẹni tẹ́ ẹ máa ń bá lọ. Ẹ kọ orúkọ kúkúrú, nítorí síìmù yóò gé èyí tó bá gùn. Ẹni tó ní nọ́ńbà méjì, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ fi +234 bẹ̀rẹ̀ gbogbo nọ́ńbà, kí ẹ yọ òdo iwájú kúrò. Bí nọ́ńbà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0803, yóò di +234803. Àmì + yìí kò sí lójú bọ́tìnnì Nokia. Bọ́tìnnì ìràwọ̀ ni ẹ ó tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ báyìí, yálà Ìbàdàn lẹ wà tàbí Àkúrà ní Gánà, ìpè náà yóò wọlé láìsí àtúnkọ.

Ẹ má kọ "Ìyàwó mi" tàbí "Dádì" sórí fóònù tó lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀. Orúkọ ni kí ẹ kọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹnì kan ṣáájú gbogbo wọn, kí ẹ pè é ní "AA Ilé", kí ẹni rere tó bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ lè rí i lókè pátápátá. Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà mẹ́rin tàbí márùn-ún sórí páálí kékeré, kí ẹ fi sínú pọ́ọ̀sì tàbí àpò abẹ́ aṣọ. Ní ìgbà tí obìnrin abẹ́ agbòrùn ń ta ìpè ní gbogbo kọ́nà, láti Ìdúmọ̀tà dé Agége, ẹni tí fóònù rẹ̀ kú kàn ní láti mọ nọ́ńbà sórí ni. Agbòrùn ṣì wà, àmọ́ POS ló wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí. Ẹ̀bẹ̀ lẹ ó fi rí fóònù yá, ẹ ò sì lè bẹ̀bẹ̀ fún nọ́ńbà tí ẹ kò mọ̀.

Bátìrì

Ibí yìí ni fóònù kékeré ti fi ọwọ́ sọ̀yà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ. BLC-2 ni bátìrì tó ń wọ 3310. BL-5C ni ti 1100. Bátìrì 3310 tó dára lè gbé yín fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ bí ọ̀rọ̀ yín kò bá pọ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì tó bá fóònù wá láti ìgbà Ọbásanjọ́ ti darúgbó, èyí tí wọ́n ń tà pé ó jẹ́ tuntun lọ́jà náà sì lè jẹ́ ayédèrú.

Bí ẹ ṣe lè dán an wò nìyí. Ẹ yọ bátìrì, ẹ gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú, kí ẹ sì fi ìka yí i. Bó bá ń yí bí òòyì, inú rẹ̀ ti wú. Ẹ má lò ó mọ́, ẹ má sì cháàjì rẹ̀. Èyí tí kò yí, ẹ cháàjì rẹ̀ kó kún, ẹ fi sínú fóònù, ẹ tan án, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láìfọwọ́ kàn án. Bí ilà bátìrì bá ti lọ sí ìdajì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òmíràn ni kí ẹ rà.

Ẹ mú méjì dání. Èyí ni àǹfààní ńlá tí fóònù ìgbàlódé ti pàdánù: ẹ lè ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú mọ́tò, kí ẹ pààrọ̀ bátìrì, kí ẹ máa bá tiyín lọ. Kí èyí tí ẹ kò lò wà nínú ọ̀rá tàbí ìwé, láìjẹ́ pé ó kan kọ́kọ́rọ́ tàbí owó irin, nítorí bí irin bá so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀, yóò gbóná débi pé ó lè jó àpò. Cháájà tó ń gbá bátìrì nìkan mú, èyí tí àwọn ọmọ Èkó ń pè ní dẹ́sítọ́ọ̀pù, yóò máa cháàjì ọ̀kan nígbà tí ẹ bá ń lo èkejì. Bí ẹ bá dé ibi tí iná kò dúró sójú kan, ẹ gbé bátìrì nìkan fún àwọn tó ń fi jẹnẹrétọ̀ cháàjì fóònù fáwọn èèyàn, kí fóònù àti síìmù wà lápò yín. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa Nokia àtijọ́ nìyẹn.

Ẹnu cháájà Nokia oríṣi méjì ló wà. Ẹnu tó sanra ni ti 3310 àti 1100. Èyí tó tín-ínrín ni ti àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé "ó máa wọ̀ ọ́." Ẹ dán an wò lójú ẹni tó ń tà á. Okùn USB tó ní ẹnu Nokia náà wà, tí ẹ lè fi so mọ́ páwà báńkì.

Ohun tó máa ń jẹ bátìrì lójú ọ̀nà kì í ṣe ìpè nìkan. Fóònù tó bá ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò rí, gbogbo agbára rẹ̀ ló ń ná. Ní àárín ọ̀nà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ pa á, kí ẹ tan án nígbà tí ẹ bá wọ ìlú. Tọ́ọ̀ṣì àti eré ejò náà ń jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé eré ejò dùn nínú gosiló.

Kírẹ́díìtì àti fílááṣì

Láti ọdún 2023, kóòdù kan náà ni gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ń lò, nítorí náà kò sí pé ẹ ń kọ́ ti MTN lọ́tọ̀, ti Glo lọ́tọ̀. *310# ni ẹ ó fi mọ iye tó kù. *311*, ẹ tẹ nọ́ńbà orí káàdì, kí ẹ fi # parí rẹ̀, owó ti wọlé. *303# ni ti yíyá kírẹ́díìtì, *321# ni ti fífún ẹlòmíì. 300 ni ti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dáhùn. Gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí 3310 láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ fi kírẹ́díìtì tó pọ̀ sí i kí ẹ tó jáde, nítorí ẹ kò lè fi áàpù báńkì rà á mọ́. Bí ẹ bá ra káàdì lójú ọ̀nà, ẹ kó o wọlé níwájú ẹni tó tà á. Kódà bí ẹ bá ń lo kóòdù báńkì lórí fóònù, kírẹ́díìtì yín ni wọ́n lè máa gé owó rẹ̀ kúrò.

Kí ẹ sì ṣe àdéhùn fílááṣì pẹ̀lú ará ilé, ìyẹn kí ẹ pe èèyàn, kí ẹ sì gé e kó tó gbé e. Ẹni tí kò bá gbé ní Nàìjíríà nígbà yẹn lè máa rò pé ahun ni wá. Nígbà tí MTN àti Econet bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ₦50 ni ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú ni wọ́n sì fi ń kà á: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 61, owó ìṣẹ́jú méjì ló san. Ìgbà tí Glo dé ní 2003 pẹ̀lú sísan owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan lara tó bẹ̀rẹ̀ sí í tu àwọn èèyàn. Láàárín ìgbà yẹn, fílááṣì di èdè fúnra rẹ̀. Ó ṣì wúlò títí dòní fún ẹni tí kírẹ́díìtì rẹ̀ ti fẹ́ tán: ẹ̀ẹ̀kan, "mo ti dé", ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀léra, "pè mí." Ẹ fẹnu kò sí i kí ẹ tó lọ, kí àgbàlagbà ilé má baà máa pè yín padà ní gbogbo ìgbà láti béèrè pé kí ló dé.

Lójú ọ̀nà

Ẹ ti bọ́tìnnì pa: lórí 3310, Menu, lẹ́yìn náà ìràwọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àpò yín ni yóò máa pe èèyàn.

Ẹ kọ ìtọ́kasí ọ̀nà bí àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ kò fi ránṣẹ́, kí ẹ fi pamọ́ sórí fóònù: orúkọ bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù, ibi tí ẹ ó ti wọ mọ́tò mìíràn, àmì tí ẹ ó rí. Bí ẹnì kan bá ń bọ̀ wá pàdé yín, ẹ dárúkọ ojú ibi kan ṣoṣo. "Lábẹ́ bíríjì" kò tó l'Ọ́balendé. Ìgbà mélòó lẹ fẹ́ yí abẹ́ bíríjì ká? Ẹ sọ pé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ ojú irin Mobọ́lájí Johnson ní Alágòmejì, kí ẹ sọ aago, kí ẹ sì sọ iye ìgbà tí èkejì yóò fi dúró bí ẹ bá pẹ́.

Àtẹ̀jíṣẹ́ sàn ju ìpè lọ lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìpè yóò já, àtẹ̀jíṣẹ́ yóò dúró títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi dé. Lẹ́tà 160 ni ẹyọ kan ń gbà. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé tó fẹ́ràn àti fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi sílẹ̀ ní ti ìrìn-àjò yìí: bí ẹ̀ tàbí ọ́ kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, 160 di 70, fóònù àtijọ́ sì lè fi àpótí ṣófo rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí àwòrán àpò lẹ́tà ń ṣẹ́jú lókè ojú fóònù, àyè àtẹ̀jíṣẹ́ ti kún, èyí tó ń bọ̀ kò ní wọlé. Ẹ pa àwọn àtijọ́ rẹ́, pàápàá àwọn tí iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń polówó.

Ẹ má ṣe rò pé nítorí ó jẹ́ Nokia, ẹ lè máa pè lẹ́nu fèrèsé. Ajáfóònù kì í dúró wò ó kó tó já a. Ẹ wọ inú ṣọ́ọ̀bù kan, ẹ pè, kí ẹ jáde.

Ní ti pàjáwìrì, 112 ni nọ́ńbà náà; kò nílò kírẹ́díìtì, Nokia yóò sì jẹ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bí bọ́tìnnì bá tiẹ̀ wà ní títì pa. Nínú ìpínlẹ̀ Èkó, 767 náà wà. Bó bá jẹ́ ìjàǹbá lójú títì, 122 ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

Bí ẹ bá sọdá ààlà

Ní ìhà Bàdágìrì, kí ẹ tiẹ̀ tó dé Sẹ̀mẹ̀, fóònù lè já sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì orílẹ̀-èdè Benin láìbi yín, owó ìpè ilẹ̀ òkèèrè sì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Phone settings, ẹ yan Network selection, kí ẹ kúrò lórí Automatic bọ́ sórí Manual, kí ẹ mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiyín. Bí ẹ bá ti wọ Kútọnu pátápátá, ẹ ra síìmù ibẹ̀. +229 ni kóòdù wọn, nọ́ńbà wọn sì ti di ẹyọ mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 01 láti ìparí ọdún 2024. Bí nọ́ńbà oníbàárà yín tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ mẹ́jọ, ẹ fi 01 síwájú rẹ̀.

Gánà náà kò ní wàhálà. Ìlú Ọba ṣì gbà á, níwọ̀n bí 2G, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ tí fóònù yìí ń lò, kò tíì ní kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ọdún 2033 ni wọ́n fi ṣe òpin. Amẹ́ríkà ni kí ẹ má gbé e lọ. Ìgbì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kọ́ ni 900 àti 1800 tí Nokia tiwa mọ̀, iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì AT&T sì ti pa 2G tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017.

Bí ẹ bá padà délé

Ẹ tẹ ##21# lórí fóònù ńlá kí ìpè lè padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí i dájú, *#21# yóò sọ fún yín. Ẹ pa Network selection dà sí Automatic. Bí fóònù kékeré bá ń padà sínú àpótí, ẹ yọ bátìrì rẹ̀ sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí síìmù rẹ̀ sùn ju oṣù mẹ́fà lọ láìfi pe ẹnikẹ́ni.